Ọjọ́ tí o pè mí lórí fídíò

Ìkéré-Èkìtì,
18 oṣù Èrèlé, 2025.

Akọ̀wé mi,

Ṣé àlàáfíà ni? Ìyàwó ńkọ́? Ọmọ tuntun ńkọ́? O ní òtútù Kánádà fẹ́ gé ọ létí jẹ. Ọyẹ́ tiwa náà kò kẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí. Ewé gbẹ débi pé bí adìyẹ bá tẹ̀ ẹ́, wàá rò pé olè ló wọlé. Àbúrò mi obìnrin ti ṣe mọ̀mí-n-mọ̀ọ́, tíṣà oníṣirò wa ti fẹ̀yìn tì, iṣu sì wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará Èkìtì ti ń bá ẹ̀bà ṣọ̀rẹ́. Má sọ fún ẹnikẹ́ni o.

Mo mọ̀ pé Bàbá ti sọ fún ọ pé iná jó oko. Wọn ò ní sọ bó ṣe jó o tó, kí o má baà máa ronú. Kòkó tí wọ́n gbìn ní 1996, ọdún tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀, èyí tí a máa ń jí jẹ, igi 62 ni mo kà níbẹ̀. Tó o bá dúró lókèèrè, wàá ní kò ṣe wọ́n, torí abẹ́ ewé gbígbẹ ni iná ń yọ́ gbà nínú oko kòkó, kò gun òkè. Ṣùgbọ́n mo fi ṣóńṣó àdá ha èèpo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ibi tó yẹ kó tutù ti gbẹ kalẹ̀. Òkú ló wà lóòró. Tí a bá gbin òmíràn lónìí, ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ni kó tó so, Bàbá sì ti pé 78. Lọ́dún tó kọjá tí tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 10,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé, wọ́n ní owó rẹ̀ làwọn máa fi wọ ọkọ̀ òfurufú wá gbé ọmọ-ọmọ àwọn.

Mo rí ahun kan tí iná ká mọ́ ojú ọ̀nà. Pẹ̀lú gbogbo àlọ́ tí màmá àgbà pa fún wa, kò rí ọgbọ́n kankan dá sí èyí.

Bàbá fi imọ̀ ọ̀pẹ lu iná náà títí. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń wúkọ́. Dókítà fún wọn ní èyí tí wọ́n ń fín sẹ́nu, wọ́n ní kò dùn, àgbo làwọn fẹ́. Wọn ò sì ra àgbo mọ́, torí ọmọ ìyá alágbo ni gbogbo àdúgbò ní ó fi iná dẹ ọ̀yà. Wọ́n pe ọmọ náà síta, ó ń sunkún. Wọ́n bi mí bóyá mo rí i nínú igbó. Mo ní n kò mọ̀.

Ṣé o rántí ọjọ́ Ẹtì tí o pè mí lórí fídíò, tí mo ní kí o dúró kí n gun àpáta nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì? Iṣu ni mo ń sun. Mo ta omi díẹ̀ sí iná, mo fi ẹsẹ̀ wọ́ erùpẹ̀ lé e, mo sáré gòkè. Ìwọ gan-an lo kọ́kọ́ rí i. O ní, "Kí ló ń rú èéfín lẹ́yìn rẹ yẹn?" Mo ní àwọn ọdẹ ni. A rẹ́rìn-ín, a bá ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù lọ.

Ojú àlà oko tó yẹ kí n ti ro láti oṣù Ọ̀pẹ, kí iná má baà rí ọ̀nà wọlé, n kò ro ó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Bàbá rán mi létí.

Oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi mọ́. Mo ti pinnu, àárọ̀ Sátidé ni mo máa lọ dọ̀bálẹ̀ fún wọn, láti ibẹ̀ ni mo máa gba ọ̀dọ̀ ìyá alágbo. Má bá mi sọ ọ́ ṣáájú o, ẹnu mi ni kí wọ́n ti gbọ́ ọ. Ìwọ náà, bú mi bó o bá ṣe fẹ́, n ò ní fèsì. Ṣùgbọ́n tí Bàbá bá pè ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, jọ̀wọ́ gbé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òru ni lọ́dọ̀ yín.

Èmi ni,
Àlàó