Ẹ̀sùn Lórí Omi Ẹ̀rọ: Ìgbà Kẹta Rèé

Sí Ọ̀gá Ẹ̀ka Tó Ń Gbọ́ Ẹ̀sùn Oníbàárà,

Ẹ kú iṣẹ́ o, bí iṣẹ́ bá ń lọ níbẹ̀ rárá.

Ó lè yà yín lẹ́nu pé Yorùbá ni mo fi kọ èyí. Lẹ́tà méjì tí mo ti fi Gẹ̀ẹ́sì kọ, ẹ ò dá mi lóhùn, mo wá rò ó pé bóyá Gẹ̀ẹ́sì mi ni kò yé yín. Yàtọ̀ síyẹn, mo mọ̀ dájú pé ẹni tó lè túmọ̀ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ yín. Màá débẹ̀ láìpẹ́.

Nọ́ńbà ẹ̀sùn mi wà lọ́wọ́ yín, ẹ sì ti gba ohùn mi sílẹ̀ títí, "kí iṣẹ́ wa lè dára sí i." N kò ní tún ìtàn sọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ń bi yín láti oṣù Kẹsàn-án: ṣé chlorine lásán, oògùn tó ń pa kòkòrò inú omi, lẹ ń fi sómi àdúgbò wa ni, àbí ẹ ti yí i sí chloramine, ìyẹn chlorine tí wọ́n pò mọ́ amóníà? Ẹja ni mo ń sìn nílé, omi yín ni mo sì ń lò fún wọn.

Ẹni àkọ́kọ́ tó gbé fóònù ní kí n fi omi sílẹ̀ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì di ọjọ́ kejì, gbogbo rẹ̀ á fẹ́ lọ. Chlorine ló ń fẹ́ lọ bẹ́ẹ̀. Chloramine a jókòó síbẹ̀ bí àlejò tó ti gbé àpótí wọlé. Ẹnì kejì ní kí n ra oògùn tó ń pa chlorine. Ọdún 11 ni mo ti ń lò ó! Bí chloramine bá wà nínú omi, oògùn yẹn á pa chlorine inú rẹ̀, á wá tú amóníà sílẹ̀ fún ẹja. pH omi wa, ìyẹn ìwọ̀n tó ń fi hàn bí omi ṣe kan tó tàbí bí kò ṣe kan, sì ga, bẹ́ẹ̀ bí pH bá ṣe ga tó ni oró amóníà ṣe ń le tó. Ọjọ́ tí mo pààrọ̀ ìdajì omi táńkì, kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn ẹja kribensis mi ti ń mí hẹlẹhẹlẹ lójú omi. Mẹ́jọ kú. (Ẹja odò gúúsù Nàìjíríà ni wọ́n. Èmi àti wọn la jọ wá bá omi yín níbí.) Mo yẹ omi tó ń ti ẹnu ẹ̀rọ bọ̀ wò, amóníà wà níbẹ̀. Ẹnì kẹta ní kò ju 0.5 míligíráàmù nínú lítà kan tí òfin gbà lọ, kò lè pa èèyàn. Mo dúpẹ́. Kì í ṣe èèyàn ni mo ń sìn nínú táńkì.

Ẹ wá ṣèlérí pé ẹnìkan ń bọ̀ wá bu omi ní Ọjọ́bọ̀, láàárín aago 8 sí 12. Mo pààrọ̀ ṣíìfù mi. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí ọmọ tó ń retí ìyá rẹ̀ látọjà. Aago 12 kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin, àtẹ̀jíṣẹ́ yín dé: "A wá, a kò bá yín nílé."

Mo pè lọ́jọ́ kejì. Ọmọkùnrin kan ní kí n dúró díẹ̀, ó rò pé n kò gbọ́ òun mọ́. Mo gbọ́ ọ. Yorùbá tó já gaara ló fi sọ fún ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: "Bàbá ẹlẹ́ja tún ti pè o. Kí ló dé tí kò kúkú fi wọ́n se ọbẹ̀?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tó padà sórí fóònù, ó ń pè mí ní "sà" ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo ní, "O kú iṣẹ́ o, ọmọ mi. Ọbẹ̀ wo lẹ sè?" Fóònù kú pátápátá.

Mo ti ń fara dà á báyìí: omi díẹ̀díẹ̀ ni mò ń pààrọ̀, mo sì ra oògùn mìíràn tó ń de amóníà mọ́lẹ̀ títí àwọn kòkòrò inú fílítà á fi jẹ ẹ́ tán. Ẹnìkan tó ń sin ẹja bíi tèmi ló kọ́ mi, kì í ṣe ẹ̀yin.

Mo fẹ́ ìdáhùn nínú ìwé: chlorine tàbí chloramine, ọjọ́ wo lẹ yí i, èló ni amóníà inú rẹ̀. Ẹ má sọ pé ẹ ò ní in lọ́wọ́. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kíndìnrín gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n, torí náà ìwé rẹ̀ wà níbìkan. Ọjọ́ iṣẹ́ 10 ni òfin fún yín láti fèsì. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ Consumer Council for Water, àjọ tó ń gbèjà àwọn oníbàárà omi ní England àti Wales, màá sì dá owó omi yín dúró. Mo mọ̀ pé láti ọdún 1999 ni òfin ò ti jẹ́ kí ẹ gé omi ilé ẹnikẹ́ni nítorí gbèsè.

Ẹ jọ̀ọ́, ọmọkùnrin yẹn ni kẹ́ ẹ gbé lẹ́tà yìí fún kó túmọ̀ rẹ̀ fún yín. Kó má fo ibi ọbẹ̀.

Èmi ni,
Bàbá Ẹlẹ́ja