Lẹ́tà sí Fọlákẹ́ ní Rio

Ilé-Ifẹ̀

Fọlákẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé dáadáa lo wà? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń gbọ́ Yorùbá? Ara tiwa le, a dúpẹ́.

O ní iwájú Theatro Municipal, ilé ìtàgé ńlá yẹn, lò ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Ṣé ẹnikẹ́ni ti sọ fún ọ nípa Ruth de Souza, òṣèrébìnrin adúláwọ̀? Rio níbẹ̀ ni wọ́n bí i sí ní 1921. Bàbá rẹ̀ tètè kú, ìyá rẹ̀ sì ń fọṣọ fún àwọn olówó kí wọ́n tó rí jẹ. Ìyá alágbàfọ̀ yìí náà ló ń mú un lọ wo sinimá. Nígbà tí ọmọ ní òun máa ṣe tíátà, ẹ̀rín ni wọ́n fi í rín: níbo ni wọ́n ti rí adúláwọ̀ tó ń ṣe é?

Ní 1944, Abdias do Nascimento dá ẹgbẹ́ òṣèré adúláwọ̀ sílẹ̀, Teatro Experimental do Negro. (Abdias yìí náà ló wá kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀ wa níbí ní 1976. Ọdún 1944 yẹn náà sì ni Ògúndé gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Gbọ̀ngàn Glover l'Ékòó. Àbí ẹ ò rí nǹkan!) Àwọn ọmọ-ọ̀dọ̀ àti òṣìṣẹ́ pọ̀ nínú ẹgbẹ́ náà, wọ́n sì ń kọ́ àwọn tí kò mọ̀wé ní ìwé. Ruth gbọ́, ó bá wọn ṣe. Ní ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún 1945, ọjọ́ tí ogun Hitler parí ní Yúróòpù gan-an, wọ́n gun orí ìtàgé Theatro Municipal. Eré Eugene O'Neill, òǹkọ̀wé eré ará Amẹ́ríkà, ni wọ́n ṣe. Ọkùnrin náà kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn.

Lẹ́yìn ìyẹn ló lọ kẹ́kọ̀ọ́ tíátà l'Ámẹ́ríkà, ní ìlú Cleveland àti ní Yunifásítì Howard. Ó dé, ó ṣe fíìmù Sinhá Moça ní 1953, ipa ẹrú ni wọ́n fún un. Síbẹ̀, níbi àjọ̀dún fíìmù ní Venice lọ́dún kejì, orúkọ rẹ̀ àti ti Katharine Hepburn, gbajúmọ̀ òṣèré Amẹ́ríkà, ni wọ́n jọ ń pè fún àmì-ẹ̀yẹ òṣèrébìnrin.

Wàyí o, gbọ́ èyí tó ń bí mi nínú. Ní 1969, tẹlifíṣọ̀n Globo ṣe eré kan nípa àwọn ẹrú, A Cabana do Pai Tomás. Ruth ni ìyàwó Tomás. Ta ni wọ́n fi ṣe ọkọ? Sérgio Cardoso, òyìnbó pọ́ńbélé! Wọ́n kun ojú rẹ̀ dúdú, wọ́n dé e ní wíìgì, wọ́n tún ki nǹkan bọ ihò imú rẹ̀ kó lè fẹ̀. Ní Bùràsíìlì! Ṣebí Milton Gonçalves, òṣèré adúláwọ̀, wà ní Globo kan náà nígbà yẹn, Grande Otelo, adúláwọ̀ bíi tirẹ̀, náà ò sì tíì kú. Ruth á dúró ti irú ọkọ bẹ́ẹ̀, á máa wò ó lójú, á sì ṣe ipa tirẹ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Àwọn kan máa ń káàánú rẹ̀ pé ipa ẹrú àti ọmọ-ọ̀dọ̀ ló ṣe ṣáá. Èmi ò bá wọn káàánú rẹ̀. Àwọn tó ń pín ipa ni kí wọ́n bi léèrè.

Ẹni ọdún 98 ni nígbà tó kú ní 2019. Lọ́dún náà gan-an, kó tó kú, ẹgbẹ́ oníjó sáḿbà Acadêmicos de Santa Cruz fi ìtàn ayé rẹ̀ jó ní kánífáàlì.

Jọ̀ọ́, bá mi wá Filhas do Vento, fíìmù tí òun àti òṣèrébìnrin Léa Garcia ti jọ gba àmì-ẹ̀yẹ níbi àjọ̀dún fíìmù ní Gramado ní 2004. Kó ní ìtumọ̀ lábẹ́ o, mi ò gbọ́ Potogí.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Mọ́ládùn