Lẹ́tà sí Màámi láti Hanoi: Alẹ́ Òṣùpá Àwọn Ọmọdé

Hanoi, Vietnam,
Ọjọ́ 18, Oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Màámi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti òkèèrè. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ti rọlẹ̀, ṣé Àkànní ọmọ mi kì í sì í da yín láàmú jù? Mo mọ̀ pé ọkàn yín kò balẹ̀ láti ìgbà tí ẹ ti gbọ́ nípa ìjì Yagi, tó jà ní ìhà àríwá orílẹ̀-èdè yìí ní ọjọ́ 7 oṣù yìí. Kò sí ohun tó ṣe mí. Àwọn igi ńláńlá wó káàkiri ìgboro, Odò Pupa sì kún débi pé àwọn tó ń gbé etí rẹ̀ ní láti sá kúrò nílé; ní apá òkè, níbi tí ẹ̀gbẹ́ òkè ti ya bo abúlé, àwọn tó kú pọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọdún tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ fún yín kò fi ní ariwo tó máa ń ní.

Tết Trung Thu ni wọ́n ń pe ọdún náà. Alẹ́ àná ló bọ́ sí, nítorí pé ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹjọ, nínú bí wọ́n ṣe ń fi òṣùpá ka oṣù, ni wọ́n máa ń ṣe é, nígbà tí òṣùpá bá mọ́lẹ̀ roboto. Ìyá onílé mi, tí wọ́n bí sí abúlé olóko ìrẹsì, ṣàlàyé fún mi pé nígbà tí iṣẹ́ oko àti ìkórè bá wọ àwọn òbí lọ́rùn, wọn kì í ráyè gbọ́ ti ọmọ; bí ọwọ́ bá wá dilẹ̀, wọn á fi odindi alẹ́ kan jìn fún àwọn ọmọ láti fi san gbèsè àìráyè náà. Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lákínyẹmí ara, Màámi, ẹ sì mọ ìdí rẹ̀.

Ní ọdún tó kọjá, mo lọ sí òpópónà Hàng Mã ní àdúgbò àtijọ́ ìlú yìí, níbi tí wọ́n ti ń ta ohun tí a fi bébà ṣe, èrò sì pọ̀ débi pé alùpùpù kò rí ọ̀nà kọjá. Èyí tó wù mí jù níbẹ̀ ni àtùpà onígun márùn-ún bí ìràwọ̀, tí wọ́n fi ọparun ṣe egungun rẹ̀, tí wọ́n fi bébà pupa tó ń dán bò, tí àbẹ́là sì wà láàárín rẹ̀. Òmíràn wà tí ooru àbẹ́là inú rẹ̀ ń yí àwọn ọmọ ogun oníbébà po, tí òjìji wọn sì ń tò kọjá lára rẹ̀ bí ẹni ń lọ sógun. Àtùpà oníke tó ń lo bátìrì, tó sì ń kọrin, ló kún ọjà báyìí, ṣùgbọ́n lójú tèmi, kò lè rọ́pò iná tí ọmọdé ń fi ọwọ́ dáàbò bò kí atẹ́gùn má baà pa á.

Wọ́n tún ń jẹ àkàrà òṣùpá, èyí tí wọ́n yan àti èyí tí wọ́n fi ìyẹ̀fun ìrẹsì ṣe láìyan, tí wọ́n sábà máa ń fi pupa ẹyin pẹ́pẹ́yẹ oníyọ̀ sí nínú. Òbí ọmọ kan tí mò ń kọ́ fún mi ní páálí kan. Ó dùn jù, tíì tí kò ní ṣúgà ni a fi ń jẹ ẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ jù ni bí wọ́n ṣe ń pe àwọn tó wà lójú ọ̀run. Bíi tiwa, wọn kì í la orúkọ mọ́ àgbà lórí. Bàbá àgbà ni wọ́n ń pe ìràwọ̀ ara àtùpà yẹn. Arẹwà inú òṣùpá ni Chị Hằng, ìyẹn ẹ̀gbọ́n wa Hằng. Ọkùnrin tó jókòó sábẹ́ igi níbẹ̀ ni Chú Cuội, bí a ṣe ń pe àbúrò bàbá ẹni ní bàbá kékeré. Igi yẹn, tó jọ ọ̀dán, ni Cuội rí nínú igbó, tó sì gbìn sílé, nítorí pé ewé rẹ̀ ń jí òkú. Ó kìlọ̀ fún ìyàwó rẹ̀ kí ó má ṣe da omi ìdọ̀tí sídìí rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyàwó gbàgbé, igi sì fà tu, ó ń gòkè lọ. Cuội di gbòǹgbò rẹ̀ mú láti fà á padà, igi sì gbé e lọ sínú òṣùpá, kò sì rí ọ̀nà wálé mọ́.

Lálẹ́ àná, àdúgbò wa kò pe àwọn oníjó kìnnìún, àwọn tó máa ń gbé agọ̀ kìnnìún wọ̀ jó. Wọ́n fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ tí omíyalé bá jà. Ìyá onílé kàn gbé àwo èso sí àgbàlá, pẹ̀lú ajá kékeré tí ó fi ẹran ọsàn ńlá kan ṣe, tí irun rẹ̀ funfun. Nígbà tí òṣùpá ga, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ya bo àwo náà, wọ́n sì ní kí n sọ ìtàn tiwa. Mo kọ́ wọn láti dáhùn “Ààlọ̀!”, mo sì pa àlọ́ Ìjàpá tí ẹ máa ń pa fún wa.

Aago mẹ́jọ alẹ́ ni lọ́dọ̀ wa nígbà yẹn, aago méjì ọ̀sán lọ́dọ̀ yín. Bí òṣùpá bá tún kún lóṣù tó ń bọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú Àkànní jáde, kí ẹ fi Chú Cuội hàn án. Mo ti ra àtùpà onígun márùn-ún kan fún un. Ẹni tó ń bọ̀ wálé ní Oṣù Kejìlá yóò mú un wá. Ẹ má jẹ́ kí ó tan án nínú ilé, nítorí ọyẹ́.

Ọmọ yín,
Àbẹ̀ní