Lẹ́tà gbangba sí àwọn aláṣẹ Ilé-Ifẹ̀ lórí ère tuntun ojú pópó

Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ̀yin aláṣẹ ìlú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Àwa ọmọ Ifẹ̀ tí a wà lókè òkun la kọ ìwé yìí. Ní ìpàdé wa tó kọjá, ọ̀rọ̀ ère yìí gba gbogbo àkókò, ẹnu wa kò sì kò. Àwọn kan fẹ́ kí ẹgbẹ́ kọ ìwé ìdúpẹ́. Àwọn mìíràn ní kí a dá owó tí à ń fi ránṣẹ́ sílé dúró ná. A kò ní dá a dúró, ṣùgbọ́n ìbínú wọn nídìí.

Inú wa dùn pé ère wà. Àwọn ọmọ tí a bí síhìn-ín, tí wọn kò mọ Ifẹ̀ ju orúkọ lọ, rí fọ́tò rẹ̀, wọ́n sì ń bèèrè ìtàn lọ́wọ́ wa. Ó ti pẹ́ tí a ti ń wá irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wọn.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ń dùn wá. Ní ọdún 1938, níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀, orí idẹ ni wọ́n ń hú jáde. Ẹni tó bá ti dúró ti irú orí bẹ́ẹ̀ rí mọ ohun tí à ń wí: ilà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó wálẹ̀ láti iwájú orí dé àgbọ̀n, tí ìkankan kò wọ́, àti ihò wẹ́wẹ́ tó yí ẹnu òmíràn ká. Ìda oyin ni wọ́n fi mọ ọ́n, wọ́n fi amọ̀ bò ó, iná yọ́ ìda náà jáde, wọ́n wá da idẹ gbígbóná sí àyè rẹ̀. Ti ìbòjú Ọbalùfọ̀n, Ọọ̀ni ayé àtijọ́, tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí bàbà ni, bàbà kì í sì í ṣàn wọ inú amọ̀ bí idẹ. Àwọn baba wa ló ṣe é.

Èyí tó wà lójú pópó ńkọ́? Sìmẹ́ńtì tí wọ́n kùn ní ọ̀dà aláwọ̀ wúrà. Nínú fọ́tò tí àbúrò wa kan fi ránṣẹ́, ọ̀dà ti ń ṣí ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, irin inú rẹ̀ ti yọjú, ó sì ti dípata. Òjò ọdún kan péré nìyẹn o.

Iye tí ẹ ná lé e lórí, a kò tíì rí i kà níbì kankan. Ọ̀rọ̀ ẹnu là ń gbọ́, ti òní kì í bá ti àná mu. Owó ìlú ni, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ síta: iye rẹ̀, ẹni tó gba iṣẹ́ náà, àti ẹni tí yóò máa tún un ṣe. Àwọn ìyá tí ẹ kó kúrò níbẹ̀ kí ère lè ráyè, ṣé wọ́n ti rí ibòmíràn pàtẹ?

Bí irú iṣẹ́ yìí bá tún wáyé, ẹ pe àwọn ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, kí wọ́n wá fi tiwọn hàn. Ẹ má sì gbàgbé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní Ẹnuwá. Olè jà níbẹ̀ ní 1994. Ààbò ibẹ̀ náà yẹ kó wà nínú ètò owó ìlú.

Bí ẹ bá ti kọ iye owó náà síta ṣáájú ọdún Ọlọ́jọ́, ẹgbẹ́ wa yóò dá tirẹ̀ sí àtúnṣe ère náà.

Àwa ọmọ yín lókè òkun