Afárá Ni Kí Wọ́n Fi Ré Erédò Kọjá, Kì í Ṣe Ihò

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka lẹ́tà tí ẹ̀gbọ́n kan kọ sí yín láti Ìjẹ̀bú-Òde lórí ọ̀rọ̀ ojú irin Èkó sí Kàlàbá, mo sì gbè wọ́n lẹ́yìn lórí ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ. Ó ti pẹ́ jù tí rélùwéè ti ń yà wá sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Nígbà tí irin láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, ẹ̀gbẹ́ Abẹ́òkúta ló gbà. Nígbà tí ìjọba ṣí tuntun ní 2021, Abẹ́òkúta náà ló tún gbà. Ètò tí ìjọba àpapọ̀ bá ilé iṣẹ́ Ṣáínà tọwọ́ bọ̀wé lé lórí ní 2014 fi Ṣàgámù àti Ìjẹ̀bú-Òde sójú ọ̀nà, àwa náà sì ń retí rẹ̀.

Ibi tí mo ti yapa sí wọn ni ibi tí wọ́n ti ní kí wọ́n gbẹ́ ihò fún ọkọ̀ ojú irin lábẹ́ Erédò Sùngbọ́, kòtò ńlá àtijọ́ tó yí Ìjẹ̀bú-Òde po, pé ihò àti afárá kò yàtọ̀ síra, pé kí ọkọ̀ ṣáà ti rí ibi gbà ni. Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n yàtọ̀ gidigidi, ìyàtọ̀ yẹn ló sì máa pinnu bóyá Erédò á kù fún àwọn ọmọ wa.

Kápíńtà ni mí. Pákó tí wọ́n ń da kọnkéré afárá sí ni mo ń kàn. Tí a bá ń ṣe afárá, gbangba la wà. A ó gbé òpó dúró, a ó fi igi tì í nísàlẹ̀, a ó kan pákó lé igi lórí, àwọn tó ń hun irin á hun tiwọn, a ó wá da kọnkéré. Tó bá ti gan dáadáa, ọjọ́ tí a fẹ́ yọ igi ni ọkàn gbogbo wa kì í balẹ̀. Àárín la ti ń bẹ̀rẹ̀, a ó máa dẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ lọ sọ́dọ̀ òpó. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wò ó á rí i tí dẹ́kìn, ìyẹn kọnkéré orí afárá náà, á rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀ ṣín-ín-ṣín, á wá dúró gbọnin. Láti ìgbà náà lọ, òpó ló gbé ẹrù, òpó sì gbé e fún ilẹ̀. Ilẹ̀ tó wà láàrin òpó kan sí èkejì kò gbé nǹkan kan. Bó ṣe wà kí a tó dé náà ló wà.

Ti ihò kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹrù ti wà lókè kí òṣìṣẹ́ tó débẹ̀. Ilẹ̀ yẹn ti jókòó láti ayébáyé, ó ti fara ti ara rẹ̀. Ẹni tó bá gbẹ́ inú rẹ̀ ti yọ lára ohun tó gbé e ró, ó sì gbọ́dọ̀ tètè fi bíríkì, kọnkéré tàbí irin ṣe ògiri yí ibẹ̀ ká kí òkè tó ya lé e lórí. Bí ilẹ̀ náà bá le, òun fúnra rẹ̀ á bá ògiri gbé lára ẹrù. Bó bá rọ̀, ọ̀ràn dé. Ọmọlé tó ṣe afárá lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá lọ́dọọdún kó máa wo ibi tó sán. Ẹ̀yìn ògiri ihò, kò sẹ́ni tó ń rí i.

Nítorí èyí, ohun tó ń ba méjèèjì jẹ́ kì í ṣe ọ̀kan náà. Lọ́dún 1879, nǹkan méjì ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Bìrìtéènì, ní Wales àti Skọ́tílándì, tó yẹ kí gbogbo ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ ojú irin mọ̀. Ní oṣù kẹwàá, àwọn tó ń gbẹ́ ihò lábẹ́ odò Severn gbẹ́ kan orísun omi ńlá kan nínú ilẹ̀, omi sì ya bo gbogbo iṣẹ́ náà. Ọdún 1886 ni ihò yẹn tó di èyí tí ọkọ̀ ń gbà, wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ fa omi jáde nínú rẹ̀ títí di òní olónìí. Ní oṣù kejìlá ọdún 1879 kan náà, ìjì wó afárá odò Tay nígbà tí ọkọ̀ ojú irin wà lórí rẹ̀ lọ́wọ́ alẹ́. Gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀ náà ló bá a lọ. Afárá ní láti gbára dì fún afẹ́fẹ́, ihò ní láti gbára dì fún omi. Ó tún ní láti gbára dì fún iná àti èéfín: ihò tó gba abẹ́ òkun láàrin Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé, tí wọ́n ṣí ní 1994, mẹ́ta ni ní tòótọ́, méjì fún ọkọ̀, ẹ̀kẹta láàrin wọn fún iṣẹ́ àti àsálà. Nígbà tí iná sọ níbẹ̀ ní 1996, inú ihò àárín yẹn ni wọ́n kó àwọn èèyàn sí tí ẹnikẹ́ni kò fi kú.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní abẹ́ bíríìjì ìkóríta Ṣàgámù, níbi tí ọ̀nà Bẹ̀ǹní ti pàdé ọ̀nà Ìbàdàn, náà ṣókùnkùn bí ihò. Ó ṣókùnkùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe ń wọ̀ ọ́ lẹ ti ń jáde. Ẹ gbójú sókè níbẹ̀, ẹ ó rí bíìmù, ẹ ó rí ojú ibi tí wọ́n fi àlàfo sí kí kọnkéré lè ráyè wú nígbà oòrùn. Afárá ni. Àwọn ará Yúróòpù ti fi òdiwọ̀n sí i nínú òfin ààbò ojú irin wọn: ibi tí wọ́n bò yí ojú irin ká kò ní wọ inú òfin ihò àfi tó bá tó mítà 100 ní gígùn. Ọ̀kan tún wà tó dàbí pé ó wà láàrin méjèèjì. Lọ́dún 1863 ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n la ojú títì láti tẹ́ ojú irin sábẹ́ rẹ̀, wọ́n mọ ògiri sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, wọ́n bò ó lórí, wọ́n sì kó yẹ̀pẹ̀ padà. Ihò ni wọ́n ń pè é, ó sì tọ́, torí pé ilẹ̀ ló padà jókòó lé e lórí.

Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí. Ẹni tó bá ti dé inú Erédò lápá Òkè-Èrì mọ bó ṣe rí. Ògiri ilẹ̀ pupa náà dúró ṣánṣán lọ́tùn-ún lósì, èéhù ti bò ó, ó tutù lọ́wọ́. Igi orí bèbè méjèèjì ti pàdé lókè débi tí ọ̀sán ṣe dàbí ìrọ̀lẹ́. Kòtò ni, kì í ṣe ihò. Ojú ọ̀run ni òrùlé rẹ̀. Ó jìn tó mítà 20 láwọn ibì kan, gígùn rẹ̀ lé ní kìlómítà 160, ọwọ́ àti ọkọ́ ni wọ́n fi wà á ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ó yí Ìjẹ̀bú-Òde àti àwọn ìlú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ po, nítorí náà irin tó bá ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa kò lè ṣe kó má kàn án.

Tí a bá ní kí wọ́n gbẹ́ ihò gba abẹ́ kòtò tó jìn tó báyẹn, ọkọ̀ ojú irin kì í lè sọ̀ kalẹ̀ bí mọ́tò. Irin lórí irin ni, ó ń yọ̀. Bí ọ̀nà bá ń dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ní mítà 1 nínú mítà 100 tó bá rìn, kó tó lè sọ̀ kalẹ̀ mítà 30, yóò rin kìlómítà 3, á sì tún fi 3 gùn ún padà. Orí òkè ńlá ni wọ́n ti ń náwó sírú iṣẹ́ yẹn, bí ihò Gotthard ní Switzerland tó gùn tó kìlómítà 57. Ilẹ̀ tiwa tẹ́jú, omi ò sì jìnnà nísàlẹ̀. Ta ló máa máa ra dísù fún ẹ̀rọ tí yóò máa fa omi?

Kò sí agbaṣẹ́ṣe tó máa ṣe é. Ohun tí wọ́n máa ṣe, tí wọ́n á sì sọ fún wa pé ihò tí a béèrè nìyẹn, ni pé wọ́n á ju kọ́fáàtì, kọnkéré oníhò tí omi ń gbà kọjá, sínú Erédò, wọ́n á da yẹ̀pẹ̀ dí i, wọ́n á tẹ́ irin lé e. Iṣẹ́ ẹgbẹ̀rún ọdún á parẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Èyí ló ń ba mí lẹ́rù tí mo fi kọ lẹ́tà yìí.

Afárá nìkan ló lè fi kòtò náà sílẹ̀ bó ṣe wà: òpó kan lẹ́yìn bèbè ti ìhín, òpó kan lẹ́yìn bèbè ti ọ̀hún, kí ohunkóhun má kan ilẹ̀ láàrin. Kò le. Afárá Forth ní Skọ́tílándì, tí wọ́n ṣí ní 1890, àlàfo kan láàrin òpó rẹ̀ méjì lé ní mítà 500. Ti Erédò kò tó ìdámẹ́wàá ìyẹn.

Mo rọ̀ yín, ẹ bá wa béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ya ojú ọ̀nà náà kí wọ́n fi hàn lórí máàpù ibi gbogbo tó ti máa ré Erédò kọjá, àti bí òpó ṣe máa jìnnà sí bèbè tó. Kí wọ́n gbé máàpù náà wá sí Òkè-Èrì àti sí Ìjẹ̀bú-Òde kí katakata tó wọ igbó, kí àwọn àgbà tó mọ ibi tí kòtò náà gbà lè tọ́ka sí i fún wọn.

Èmi ni tiyín,
Kápíńtà kan, Òkè-Èrì, Ìjẹ̀bú.