Kí o tó ra férémù díjítà

Ìkòròdú

Bísí ọmọ mi,

Ẹ kú oríire ilé tuntun ní Àgbádárìgì. Bàbá rẹ ní kí n kí ìwọ àti ọkọ rẹ.

Férémù díjítà tí o ń sọ yẹn, férémù oníná tó ń fi fọ́tò hàn lọ́kọ̀ọ̀kan, wu èmi náà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó jẹ́ ohun tí ẹ máa rà kẹ́yìn. Àga, ọ̀nà ìrìn àti fèrèsé ló máa sọ ibi tí yóò wà.

Ẹ fi àga jìnnà sí ògiri ní ínǹṣì 2. Atẹ́gùn òkun Àgbádárìgì ní ọ̀rinrin, iyọ̀ sì wà nínú rẹ̀; bí afẹ́fẹ́ ò bá ráyè kọjá, ẹ̀yìn àga á bu, ìṣó inú rẹ̀ á dípẹtà. Láàárín àga àti tábìlì, ínǹṣì 18 tó. Ibi tí èèyàn ń gbà kọjá, ẹsẹ̀ bàtà 3, àgàgà nítorí ìyá ọkọ rẹ tí orúnkún ń dùn.

Má jẹ́ kí férémù dojú kọ fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ ìta nìkan lẹ ó máa rí lójú rẹ̀. Ògiri ẹ̀gbẹ́ ni kó wà, ní ìwọ̀n ojú ẹni tó jókòó, nítòsí sọ́kẹ́ẹ̀tì. Fọ́tò orí bébà pàápàá ò fẹ́ oòrùn, àwọ̀ rẹ̀ á ṣá.

Wo ẹ̀yìn férémù náà kí o tó sanwó. Bó bá jẹ́ fólìtì 5, power bank lè gbé e nígbà tí NEPA bá mú iná lọ. Má fi ṣájà fólìtì 12 sí i láé. Ẹnu wọn lè bára mu, àmọ́ ó máa jó o.

Fọ́tò inú rẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà. Irú fáìlì tí wọ́n ń pè ní HEIC ni iPhone ọkọ rẹ fi ń pa àwòrán mọ́, ọ̀pọ̀ férémù ò sì lè ka kọjá JPEG, irú fáìlì fọ́tò tó wọ́pọ̀ jù. Kó lọ sí Settings, Camera, Formats, kó yan Most Compatible. Èyí tó ti yà tẹ́lẹ̀ ò ní yí padà fúnra rẹ̀ o, ẹ ní láti sọ ọ́ di JPEG. Fọ́tò ìgbéyàwó tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lásán ti dínkù. Ní kí wọ́n fi í ránṣẹ́ bíi Document. Memory card 32GB tó yín: èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ sábà máa ń wà ní exFAT, ìyẹn ọ̀nà kan tí kádì ń gbà to fáìlì, àwọn férémù kan ò sì mọ̀ ọ́n. Bí férémù bá ń gé orí àwọn èèyàn, Fill ló wà, ó ń fi fọ́tò kún ojú rẹ̀. Yí i sí Fit, kí gbogbo fọ́tò lè hàn.

Fọ́tò àtijọ́ tó bá ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì, má fà á. Ojú èèyàn inú rẹ̀ ló máa kù sórí gíláàsì. Gbé e sórí scanner pẹ̀lú gíláàsì rẹ̀. Ní 600 dpi (iye àmì tí scanner ń kà nínú ínǹṣì kan), fọ́tò tó fẹ̀ ní ínǹṣì 4, tó gùn ní ínǹṣì 6, á fún ọ ní píksẹ́lì (àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) 2,400 ní fífẹ̀ àti 3,600 ní gígùn, o lè tẹ̀ ẹ́ ní ìlọ́po méjì. Ti pásípọ́ọ̀tù, lo 1,200. Má da bébà náà nù lẹ́yìn rẹ̀, jọ̀wọ́.

Kádì inú férémù kì í ṣe ibi ìpamọ́. Ẹ̀dà 3 ni kó wà: ọ̀kan lórí hard disk, ọ̀kan lórí Google Photos (15GB ọ̀fẹ́ náà, Gmail àti Drive ń jẹ nínú rẹ̀), ọ̀kan lọ́dọ̀ wa níbí. Bí omi bá wọlé tàbí olè bá dé, ohun tó wà nínú ilé kan náà ló ń bá a lọ. Fi ti wa rán ọkọ rẹ bó bá ń bọ̀.

Ìyá rẹ