Sáíkọ́lọ́jì kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ

Olóòtú Ọ̀wọ́n,

Mo ka lẹ́tà tí bàbá kan kọ sí yín láti London níbí lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó ní òun ò ní gbà kí ọmọ òun ṣe sáíkọ́lọ́jì, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ọkàn àti ìwà ènìyàn, ní A-level, ìdánwò tí wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó wọ yunifásítì, pé iṣẹ́ ọ̀lẹ ni, pé ọ̀dọ̀ àwọn wèrè ló máa parí sí. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, torí èmi náà ti sọ ọ́ rí. Nígbà tí ọmọ mi obìnrin wọ Year 12, ọdún àkọ́kọ́ A-level, tó mú báyọ́lọ́jì, ìṣirò àti sáíkọ́lọ́jì, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi bá a jà nítorí kẹ́místírì tí kò mú.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo bá a nídìí tábìlì kíṣìnì. Ó to ogún ènìyàn sórí ìwé, ó fi àmì àròpọ̀ síwájú ẹni tó sunwọ̀n sí i, àmì àyọkúrò síwájú ẹni tó burú sí i. Ẹni tí kò yí padà, ó yọ ọ́ kúrò. Ó wá ka àmì tó kéré níye jù, ó gbé e wo tábìlì kan kó lè mọ̀ bóyá ìyàtọ̀ náà tó nǹkan tàbí ó kàn ṣèèṣì. Mo ní ṣé iṣẹ́ ìṣirò rẹ̀ nìyẹn. Ó ní, “Mummy, sáíkọ́lọ́jì ni.” Ó kéré tán, ìdá kan nínú mẹ́wàá máàkì sáíkọ́lọ́jì A-level, ìṣirò ni.

Ẹ̀kọ́ nípa ìyá àti ọmọ ọwọ́ ló wá mú mi jókòó tì í. Iṣẹ́ Mary Ainsworth, onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì kan, ni wọ́n ń kà. Uganda ni obìnrin yìí ti kọ́kọ́ ń wo àwọn ìyá àti ọmọ wọn, kó tó padà sí Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ló ti ń gbé ọmọ sínú yàrá kan, tí àjèjì á wọlé, tí ìyá á jáde, tí wọ́n á máa wo bí ọmọ ṣe máa ṣe nígbà tí ìyá bá padà dé. Ní 1988, àwọn onímọ̀ méjì kan kó irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ 32 jọ láti orílẹ̀-èdè 8. Ọmọ mi kà wọ́n fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ilẹ̀ Áfíríkà kankan níbẹ̀.

Ìbàdàn la bí i sí. Ó ní, “Mummy, ta ló ń pọ̀n mí nígbà yẹn?” Mo ka màmá mi, mo ka àwọn àbúrò mi méjèèjì, mo ka ìyá tó wà ní yàrá kejì sí wa. Ká ní wọ́n gbé e sínú yàrá yẹn, tí mo sì jáde, ó ṣeé ṣe kó má sunkún rárá, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò fara mọ́ ìyá rẹ̀! Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú iṣẹ́ tí tíṣà fún wọn, torí wọ́n ń kọ́ wọn níbẹ̀ pé kò dáa ká máa fi òṣùwọ̀n ìlú kan wọn ìlú mìíràn.

Ní ti ọ̀rọ̀ wèrè, ẹ jẹ́ ká rántí Aro, ilé ìwòsàn ọpọlọ. Ní Abẹ́òkúta tiwa ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adeoye Lambo, dókítà ọpọlọ, ti fi àwọn aláìsàn sáàárín ará abúlé, tí ẹbí wọn wà lọ́dọ̀ wọn, tí gbogbo ayé fi wá wò ó. Ní England níbí, bí a bá fi wé iye wa, òfin ìlera ọpọlọ ń dá aláwọ̀ dúdú dúró sí ọsibítù ju ìlọ́po mẹ́ta ti aláwọ̀ funfun lọ. Mo fẹ́ kí ẹni tó gbọ́ èdè wa wà lára àwọn tó ń tọ́jú wọn.

Bàbá tó kọ lẹ́tà, tí ọmọ yín bá fẹ́ ṣe dókítà, òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ yunifásítì á béèrè kẹ́místírì. Tí kì í bá ṣe dókítà ló fẹ́ ńkọ́? Èsì GCSE, ìdánwò tó ṣáájú A-level, á jáde ní August, ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ iléèwé ń ní kí ọmọ wá fìdí ohun tó mú múlẹ̀. Ẹ dákun, sà, ẹ bá a lọ, kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó fẹ́ kọ́.

Èmi ni tiyín,
Ìyá kan ní Peckham, London